Gúùdù Búlúù Méjì

Lẹ́yìn Ọjà, Moniya,
Ìbàdàn.

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Bódìjà? Ṣé Àǹtí Olúkẹ́mi, àbúrò bàbá rẹ, ń rí i pé o jẹun? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n gbé ọ sọ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ìwé rẹ já láàárín ọ̀nà. Àlàáfíà ni a wà níbí, àfi àárò rẹ.

Ọmọ mi, mo ti di ìyàwó! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká tó ní ẹ̀rọ ìlọta gbé mi níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi sì ń dùn débi pé mò ń kọrin bí mo bá ń gbálẹ̀, n ó tún dákẹ́ lójijì bí mo bá rántí rẹ. Wọ́n fi fọ́tò wa ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù. Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé o ti máàkì í, gúùdù méjì aláwọ̀ búlúù, bí tíṣà wa ṣe máa ń fà á síwájú ohun tí a bá gbà. Mo jó. Mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé Tẹjúmọ́lá ò ráyè wá síbi ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ó fún wa ní gúùdù méjì. Àmọ́ láti ìgbà náà, o ò tíì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Àǹtí Olúkẹ́mi sọ lórí fóònù pé o ní kárí-ófà mẹ́rin ní yunifásítì tó o wà lọ́dún tó kọjá, ìdí nìyẹn tó o fi fẹ́ ṣe tiransifá lọ sí òmíràn. Èmi ò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ru ẹrù ní yunifásítì. Mo fa aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ ya, mo fi ká òṣùká mẹ́rin, kí ọrùn má baà dùn ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ìdánwò tí èèyàn ò yege, tó gbọ́dọ̀ padà ṣe, ni wọ́n ń pè ní kárí-ófà. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi gan-an ni mo di ẹrù náà rù ọ́. Èmi ni mo pè ọ́ wálé wá sin bàbá rẹ nígbà ìdánwò. Mo rò pé ìdánwò á dúró de òkú. Mo ṣì fi òṣùká náà ránṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù tiransifá tó o fi rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná Bódìjà sí Moniya ti dé, òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ibi tó ti bèèrè ìdí tó o fi ń kúrò, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́: Ìyá rẹ̀ ló pè é. Ibi orúkọ bàbá, mo kọ Adéyínká, torí òkú ò lè sáìnì, mo sì rò pé èmi náà ti ṣe tiransifá kúrò nílé Luke bàbá rẹ. Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká ní kí n pa á rẹ́, pé àwọn ò lè jókòó sórí àga olóògbé, pàápàá nígbà tí ọmọ ò tíì kí àwọn. Mo pa á rẹ́, ibẹ̀ dọ̀tí díẹ̀, mo wá kọ Luke, mo sáìnì sábẹ́ rẹ̀. Tètè lọ fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ ní yunifásítì kí Fúráìdeè tó kọjá. Bí ìdọ̀tí yẹn bá bí ẹnikẹ́ni nínú, sọ pé ìyá rẹ ni.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi káàdì igba náírà ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká máa ń rà á, ṣùgbọ́n èyí tí n ó fi pè ọ́, mi ò fẹ́ kó jẹ́ owó wọn.

Ilẹ̀ tuntun á gbà ọ́, ọmọ mi. Orí bàbá rẹ á ṣáájú rẹ wọlé síbẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Àná ni mo gbọ́ pé kì í ṣe ìwọ lo fa gúùdù búlúù yẹn, pé fóònù ló ń fà á fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti wo nǹkan. Nítorí náà mo fi bírò búlúù kan sínú àpò-ìwé yìí, mo sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Fa gúùdù kan péré, kí o fún dẹ́rẹ́bà kó mú un padà bọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ́kísì lo fà, n ó ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni.

Èmi ni ìyá rẹ.