Òǹtẹ̀ Tí Mo Yọ

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹsàn-án
Bátìrì mẹ́ta tún ti kú! Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi – ẹ̀rọ kéékèèké méjìlá tí mo rì mọ́ ògiri odò, láti máa wọn omi tó ń wọnú rẹ̀ – ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Baálé, ẹ̀rọ orí òrùlé ọ́fíìsì, ló ń gba ọ̀rọ̀ wọn jọ. Nọ́ńbà tó ga jù nìkan ló ń gbé fún mi. Ìyẹn ò jẹ bátìrì. Òǹtẹ̀ ni wàhálà: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ kí Baálé tó mọ̀ pé ẹni tó ni ín ló sọ ọ́, òǹtẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ bátìrì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mo yọ òǹtẹ̀. Ta ló fẹ́ parọ́ mọ́ ògiri? Ọ̀gá yìn mí, ó ní ká yọ ti àwọn ògiri yòókù náà. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Òjò. Òjò. Bátìrì kankan ò kú.

Ọjọ́rú, 15
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè lọ́sàn-án. Ẹ̀yìn ògiri nilé wọn. Ilẹ̀ ilé ìdáná ti rin gbindin, ìyàwó rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ lọ. Mo wo nọ́ńbà: ọgbọ̀n. Ó di àádọ́rin kó tó léwu. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àbúrò òun tó òun, òun ò lọ síbì kankan.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ògiri ya láàárọ̀. A ò rí Ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Àwọn panápaná rí i lórí igi. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti ṣẹ́. Ó wà láàyè – mo sunkún bí ọmọdé.

Mo dé ọ́fíìsì. Mọ́kànlá ti dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Méje nìkan ló ń sọ̀rọ̀: ọgbọ̀n, ọgbọ̀n. Ibi tí Méje wà gan-an ni ògiri ti ya! Báwo ni ohun tí omi gbé lọ ṣe ń sọ̀rọ̀? Mo ṣí àpótí abẹ́ tábìlì mi. Yéè! Ẹ̀rọ ìdánwò. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Méje lóṣù tó kọjá, tí mo ní kó máa wí ọgbọ̀n, tí mo gbàgbé láti pa á. Nígbà tí òǹtẹ̀ wà, Baálé ń lé e dànù torí kò ní òǹtẹ̀. Mo yọ òǹtẹ̀, irọ́ ń rọ́pò nọ́ńbà Méje gidi lọ́dọ̀ Baálé. Èmi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jáde. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró ná. Ó bi mí pé ògiri mélòó la tún ti yọ òǹtẹ̀ wọn.
Mẹ́rin.
Ó ní, "Àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀yìn wọn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Kí lo wá jókòó síbí fún?"