Alákọ̀wé Ti Padà Wálé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà níbi iṣẹ́ ọ̀hún? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o sùn? Ara tèmi le. Bí ikú bá tilẹ̀ yọjú, ẹnu mi á lé e padà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn. Ní gbogbo àdúgbò yìí, kò tíì sí àgbàlagbà tó múra ọmọ sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tèmi. Gbogbo ìwé ọmọ rẹ ni mo kà sí i létí tán, láti èèpo dé èèpo. Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo bù mọ́ ọn: ìwé kan ṣoṣo ni, ìdajì rẹ̀ ni, ibi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti gùn, mo ń fò ó.

O ṣáà mọ̀ pé bó bá ti ṣíwé, ńṣe ni lẹ́tà ń sá kiri lójú rẹ̀ bí èèrà tí wọ́n da omi sí. Dókítà ní kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé; ohun tí wọ́n bá kà sí i létí ti wọlé nìyẹn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń rán bàtà ní ìsọ̀ ni mo ń ka ìwé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn fún un. Bí mo bá ṣì í kà, á ní, “Bàbá àgbà, màlúù tí ẹ ń tọ́jú yìí ti kú o.” Èmi náà á ní, “Alákọ̀wé, gbà, kà á fúnra rẹ.” Láti kékeré ni mo ti sọ ọ́ ní Alákọ̀wé, nítorí pé kò lè kà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyáàfin tó ń bójú tó àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún pè é pé kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó le fún un, kí wọ́n lè fún un ní ẹni tí yóò máa kàwé sí i létí nínú ìdánwò. Wọ́n ní kí n dúró síta. Mo gbọ́ tí ìyáàfin náà bi í pé, “Kí ló máa ń ṣòro fún ẹ?” Ọmọ rẹ ní, “Jíjí láàárọ̀ nìkan ni, mà.” Ẹ̀rín sọ. Ìyáàfin náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò nílò nǹkan kan.

Ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kà á. Ó fi ìwé sílẹ̀ lófìfo, ó rìn jáde, ó di ẹrù rẹ̀ wálé.

Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀, ó kọjú sí ògiri. Láàárọ̀ yìí mo pè é ní Alákọ̀wé, bóyá á rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.” N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyáàfin náà ní bó bá padà wá kóṣù yìí tó parí, òun á tún gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọmọ rẹ ní òun kò lọ mọ́. Pè é. Má ṣe é ní àwàdà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kí ìròyìn tó kàn dùn ju èyí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́nu má-dákẹ́.

Àfikún: Irọ́ ni mo pa. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró síta. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ ni mo jókòó sí, ìwé dókítà wà lápò mi. Ọmọ rẹ kọ́ ló ṣe àwàdà jíjí láàárọ̀ yẹn. Ó ti lanu láti sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.