Táyà Bàbá Lẹ́yìnkùlé

Ìlaròó,
Oṣù Ọ̀wàrà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídàpọ̀,

Mo kí yín o, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Àbíjàn. Eékún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, ìrẹsì ti wọ́n gógó, ẹ̀yin náà ò sì rọ́nà wálé.

Màmá ló ní kí n kọ lẹ́tà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ olóògbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Àwọn ará pólì, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú wa níbí, fẹ́ lọ ògbólógbòó táyà mọ́ ọ̀dà tí wọ́n máa fi ṣe títì àdúgbò wa. Wọ́n rí gbogbo táyà tí mọ́tò Bàbá lò títí Bàbá fi kú lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n sì ní ká jẹ́ káwọn kó wọn. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn táyà náà àfi bí Dáwódù bá fọhùn. Ẹ̀yin ni Dáwódù.

Ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń jókòó lórí wọn nírọ̀lẹ́, tá a máa ń retí fèrè mọ́tò Bàbá láti Ìdírókò? Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ á ní, "Bámikẹ́, sáré, búrẹ́dì Kùtọnú ti dé!" Omi òjò ló kún inú wọn báyìí, ẹ̀fọn sì ń fi Màmá ṣe oúnjẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún àwọn ará pólì náà. Mo ti yọ táyà kékeré tẹ́ ẹ máa ń yí lọ sílé ìwé sọ́tọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí gbogbo wa sí. Lọ́jọ́ tí bọ́dà bá ṣí, ẹ fọn fèrè bẹ́ ẹ bá ti gun orí títì náà. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Àbúrò yín,
Bámikẹ́.