Òré Ìlú Òtútù: Ìgbésí Ayé Màmá Àyànfẹ́ Ládépọ̀ (1955–2024)

A bí Màmá Àyànfẹ́ Ládépọ̀ ní ọdún 1955 ní Abà Olódò, lẹ́bàá Ẹpẹ́. Ìyá wọn, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìyá Elẹ́ní, ló kọ́ wọn bí a ṣe ń gé òré létí omi, tí a ń sá a, tí a sì ń fi hun ẹní. Wọn kò lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà èwe, nítorí ìgbà tí òré bá gbó ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé.

Ní 1980, wọ́n fẹ́ Olóògbé Démọ́lá Ládépọ̀, tí í ṣe olùkọ́. Nígbà ìjọba ológun, Bàbá sá wá sí Toronto. Màmá àti àwọn ọmọ tẹ̀ lé wọn ní 1997. Ọ́fíìsì ni Màmá ń nu ní North York. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́, bàtà tí omi ń wọ̀ ni wọ́n fi ń dúró de bọ́ọ̀sì, títí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn fi kú tipiri. Síbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ láti ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìwé kà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Etobicoke, àwọn ni wọ́n ń fi ẹ̀wù òtútù kí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọkàn wọn kò kúrò létí omi. Àwọn ọmọ wọn kò kọ́ iṣẹ́ ẹní, ẹ̀rù sì ń ba Màmá pé ọwọ́ àwọn ni iṣẹ́ náà máa kú sí.

Ní 2018, wọ́n rí koríko kan níwájú ilé tí wọ́n ń gbé, ewé rẹ̀ jọ òré. Wọ́n gé e mọ́lẹ̀. Chloe, tó ń bójú tó ilé náà, figbe ta: ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti mú un wá, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ṣe! Gbémisọ́lá, ọmọ Táyọ̀ ọmọ wọn, ló ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yára jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Sọ fún un kó má sunkún," ni Màmá wí. "Ẹbí òré ni. Á tún hù."

"Grandma, she's not crying, she's angry!"

Nígbà tí yìnyín yọ́, ó hù lóòótọ́. Chloe gbà kí Màmá máa gé e lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ewé náà kò gùn. Ẹní tí wọ́n fi hun kò ju àwo ìjẹun lọ. Gbémisọ́lá ní eku nìkan ló lè sùn lórí ẹ̀.

"Òtútù ló sọ òré tiwọn di aràrá," ni Màmá fèsì. "Jókòó, jàre. Di etí tọ̀hún mú."

Ó jókòó.

Láti 2021, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè padà sílé ní Ẹpẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti Ẹpẹ́ dé ni wọ́n ń bi bóyá òré ṣì wà létí omi. Àwọn èèyàn ti da yanrìn dí ibẹ̀, wọ́n ti kọ́lé sí i. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún wọn.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù Kọkànlá, 2024. Wọ́n fi Ṣẹ́gunfúnmi àti Táyọ̀ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Gbémisọ́lá, Olúwaṣèyí àti Morákinyọ̀.

Ní Abà Olódò, ẹni tó ń hun ẹní kì í fọwọ́ ara rẹ̀ di etí ẹní tó hun kẹ́yìn. Ẹlòmíràn ló ń bá a dì í. Gbémisọ́lá ti bá Màmá di etí ẹní tiwọn. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú.

Ẹ na ẹsẹ̀ yín, Ìyá wa. Kí ilẹ̀ àjèjì yìí rọ̀ yín lẹ́yìn.