Ọjọ́ Tí Mo Lọ Wẹ̀ Láàárín Òkè ní Japan

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Cheetham Hill níbí. Mo kí Bàbá, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídá tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ìlọrin. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?

Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Òjò Manchester kò mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ń ṣe mọ́ ìwé kíkà náà ń lọ. Ohun tí n kò sọ fún yín lórí fóònù ni pé àdáwà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo lè wọ bọ́ọ̀sì láti ilé dé yunifásítì kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi sá wálé láìparí ìwé.

Àfi bí yunifásítì ṣe rán èmi àti Bísọ́lá, ọmọ Ìbàdàn tí a jọ ń kàwé, lọ sí ìpàdé kan ní Japan. Ìpàdé parí, ó ku ọjọ́ kan, la bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí abúlé kan láàárín òkè, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Ẹ rántí Ìkógòsì? Tiwọn gbóná jù ú lọ, wọ́n tilẹ̀ ń se ẹyin nínú ẹ̀. Bísọ́lá jẹ ẹyin títí, ó ní ata nìkan ló kù.

Ìhòòhò ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Bísọ́lá ní òun ò sí níbẹ̀, ó jókòó síta, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Èmi náà fẹ́ sá, àmọ́ obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú aṣọ kan wá fún onítìjú. Mo ró o mọ́dìí, mo wọlé.

Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré, kó fọ ara rẹ̀ mọ́, kó tó wọ inú omi. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ wọn kò dé ẹ̀yìn. Ẹ ṣáà mọ ọmọ yín. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi kúnlẹ̀, mo gba kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀yìn wọn. Gbogbo àwọn tó wà nílé ìwẹ̀ tẹjú mọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé n kò sí ní Ìlọrin. Níbi iṣẹ́ mi, a kì í fọwọ́ kan arúgbó láìgbàṣẹ, ìbọ̀wọ́ rọ́bà la sì ń wọ̀. Ìtìjú bò mí.

Ìyá náà yíjú sí mi. Wọ́n gba kànìnkànìn, wọ́n yí mi padà, wọ́n sì fọ ẹ̀yìn tèmi, títí kan ẹ̀yìn etí. Obìnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni tìyá-tọmọ ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀, pé àwọn ọmọ ìyá náà ti kó lọ sí ìlú ńlá. Mo sunkún, Màámi, ẹkún ayọ̀ ni. Nígbà tí a jọ wọ inú omi, ó gbóná débi pé mo ké pè yín, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

N kò wá tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. N ó parí ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà: ta ló ń fọ ẹ̀yìn yín? Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídá, kí wọ́n bu omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ lónìí, kí wọ́n fọ̀ ọ́ fún mi.

Ọlọ́hun á dá yín sí títí ọwọ́ tèmi náà á fi kan ẹ̀yìn yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù