Ojú Yín Ńkọ́, Ojú Yín Ńkọ́

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
A tún gbé Bàbá lọ yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò ní ọsibítù Lautoka. Sakoidósíìsì lorúkọ àìsàn ẹ̀. Èmi ń pè é ní Sako. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Sísítà Mereseini, kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ mí sínú, ẹ mí sínú. Ojú yín ńkọ́, ojú yín ńkọ́?" Bàbá ní ẹ̀dọ̀fóró lòun gbé wá, kí ló kan ojú? Sísítà ní àìsàn yìí máa ń yọ́ wọnú ojú, nígbà míì kì í tiẹ̀ dunni. Òun á pè é fún àyẹ̀wò ojú. Bàbá kàn ń mi orí.
Mo ti mú ohùn ẹ̀, mo lè sín in jẹ geerege!

Ọjọ́rú, 6
Mo fi fóònù ọ̀rẹ́ mi pe Bàbá, mo fi ohùn Sísítà sọ̀rọ̀. Ó wà nínú lọ́rì ìrèké ẹ̀, lórí ìlà níwájú ilé-iṣẹ́ ṣúgà. "Ọ̀gbẹ́ni Bisun, ẹ bọ́ ṣòkòtò, ẹ bọ́ ṣòkòtò." — "Níbí?" Mo bú sẹ́rìn-ín. "Roneel! Orí ẹ ò pé!" Gbogbo awakọ̀ ló gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 12
Ojú ọ̀tún Bàbá pọ́n. Èéfín ni, wọ́n ń jó oko ìrèké. Ó bu omi sí i.
Nígbà tá à ń jẹ rótì lálẹ́, ó ní, "Kì í tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́? O pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lónìí! 'Ẹ wá yẹ ojú wò, ẹ wá yẹ ojú wò.' Mo ní kó o lọ ki orí bọ kòtò."
Èmi ò pè é lónìí.
Sísítà gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ fún — ó pa mí lẹ́rìn-ín. Màá sọ fún un lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mi ò tíì sọ.

Ẹtì, 22
Bàbá fi lọ́rì gbá òpó géètì ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Lápá ọ̀tún. Ó ní òun ò rí òpó kankan. Kùrukùru kan ti wà lójú ọ̀tún òun látọjọ́ yìí, òun rò pé èéfín ni.
Mo wá sọ. Pé èmi kọ́ ni mo pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.
Kò lù mí. Ó ní kí n kó dígí tó fọ́.

Ajé, 25
Dókítà ojú. Iná kékeré. Ó ní inú ojú ti wú, ó ti ba iṣan ojú ọ̀tún jẹ́, kò ní padà. Òsì ṣì ṣeé gbà là, tó bá ń kán oògùn. Ká gbàgbé lọ́rì. "Ká ní ẹ wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn…" 
Sísítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mo pè yín, mo pè yín. Ẹ ní kí n ki orí bọ kòtò."
Bàbá ò wò mí. "Ẹ má bínú, Sísítà. Nẹ́tíwọ̀kì ni. Mi ò gbọ́ yín dáadáa."
Mi ò sunkún. Kò tiẹ̀ ṣe mí bíi kí n sunkún. Mo ń wo táìlì.

Ọjọ́rú, 27
Mo fẹ́ kán oògùn àárọ̀ fún un. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ó ní, "Ṣe Sísítà."
Mo ní mi ò lè ṣe é.
"Ṣe é."
Ohùn náà jáde geerege, bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ojú yín ńkọ́, ojú yín ńkọ́?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó dáhùn bí ẹni pé Sísítà gan-an ló bi í:
"Ọ̀tún ti lọ, Sísítà. Ẹ bá mi tọ́jú òsì."