Ìrìn Ẹlẹ́ṣin

Bàbá mi, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ara mi le.

Òṣèré sinimá òyìnbó tí ẹ ń pè ní Ẹlẹ́ṣin, tí ẹ máa ń yasẹ̀ rìn bíi tirẹ̀ ní pálọ̀, ilé arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lókè òkun níbí ló gbẹ̀yìn sí. Ogójì ọdún ló fi ṣeré, ọta ìbọn kan ò bà á rí. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo rin ìrìn yín fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún, ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ mí lọ́dọ̀ yín náà?"

Àná la sin ín, èmi àti awakọ̀ tó gbé pósí nìkan.

Ẹ má mikàn o, èèyàn yí mi ká níbí. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ rin ìrìn yẹn fún wọn. Ẹ má wulẹ̀ sọ iye àwa tá a sin ín.